Láti Veddel sí Nọ́wè: Ẹ Yẹ Ìwé Wò Kí Ẹ Tó Ra Tíkẹ́ẹ̀tì

Ojú Ìwé Ọ̀rọ̀ Ajé àti Ìnáwó Ilé

Ọ̀rọ̀ tí a gbé wá lọ́tẹ̀ yìí jẹ mọ́ ìbéèrè kan tí àwọn ọmọ máa ń bi wá lọ́dọọdún: "Níbo la ó lọ nígbà họlidé?" Ìdáhùn kan ṣoṣo ni ọ̀pọ̀ nínú wa mọ̀, ìyẹn ni pé a ó lọ sílé ní Nàìjíríà. Ṣùgbọ́n owó ọkọ̀ òfurufú ẹni 5 sí Èkó kì í ṣe ohun tí òṣìṣẹ́ lè san lọ́dọọdún. Ní ọdún tí a kò bá lè lọ sílé, àwọn ọmọ a kàn jókòó ti tẹlifíṣọ̀n fún ọ̀sẹ̀ 6. Bí ilé-ìwé bá wọlé, àwọn ẹgbẹ́ wọn a máa sọ ibi tí wọ́n lọ, àwọn tiwa a dákẹ́.

Ibì kan wà nítòsí tí a kì í sábà ronú kàn. Nọ́wè ni. Ilẹ̀ òkè gíga ni, omi ń já wálẹ̀ láti orí àpáta níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ó ní àwọn fjord, ìyẹn apá òkun tó gba àárín òkè wọ inú ilẹ̀ lọ bí odò ńlá. Àwọn èèyàn ń ti Amẹ́ríkà àti Ṣáínà wá wò ó. Fún àwa tí a ń gbé Veddel, òru kan ṣoṣo la ó sùn lórí omi. Bí ilẹ̀ bá mọ́, Oslo ti dé.

Ìdílé tó bá fẹ́ lọ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ ibi tí ewu wà, ewu náà kò sì sí lórí òkè. Nínú ilé kan náà ní àdúgbò wa, bàbá lè ní páásípọ́ọ̀tù Nàìjíríà, ìyá lè ti di ọmọ ilẹ̀ Jámánì, àkọ́bí lè ní ti Nàìjíríà, àbíkẹ́yìn lè ní ti Jámánì. Bí ìwé ẹnì kan nínú wọn bá ti kú, gbogbo ilé ni yóò dúró sí etí omi, tíkẹ́ẹ̀tì á sì di òfò. Nítorí náà, ìwé ni kí a kọ́kọ́ yẹ̀ wò, lẹ́yìn náà owó, kí a tó wá máa sọ̀rọ̀ òkè.

Veddel mọ̀ nípa ìwé àti ọkọ̀ ojú omi

Ẹni tó bá ti gba iwájú mùsíọ́ọ̀mù BallinStadt kọjá ní Veddel ti rí ibi tí irú ọ̀rọ̀ yìí ti ṣẹlẹ̀ rí. Ní 1901 ni HAPAG, ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ ojú omi tí Albert Ballin ń darí, ṣí àwọn gbọ̀ngàn tí wọ́n kọ́ fún àwọn tó ń kúrò ní Yúróòpù lọ sí Amẹ́ríkà. Láàárín 1850 sí 1939, èèyàn tó lé ní mílíọ̀nù 5 ló gba Hamburg kọjá. Àrùn onígbáméjì ti pa ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn nílùú náà ní 1892, nítorí náà ni wọ́n ṣe ń fi àwọn arìnrìn-àjò sí ẹ̀yìn odi ìlú, tí dókítà sì ń yẹ̀ wọ́n wò.

Ìdí kejì jẹ́ ti owó. Bí àwọn Amẹ́ríkà bá kọ ẹnì kan, ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ tó gbé e lọ ni yóò fi owó ara rẹ̀ gbé e padà. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń fara balẹ̀ yẹ èèyàn wò ní Veddel kí ó tó wọ ọkọ̀. Ní 2007 ni wọ́n ṣí mùsíọ́ọ̀mù náà sí ibi tí àwọn gbọ̀ngàn ọ̀hún wà tẹ́lẹ̀. Bí ẹ kò bá tí ì mú àwọn ọmọ lọ síbẹ̀, ẹ mú wọn lọ ṣáájú ìrìn-àjò yìí. Wọn á rí i pé kì í ṣe aláwọ̀ dúdú nìkan ni wọ́n ti bi léèrè rí pé, "Ìwé rẹ dà?"

Ta ló lè lọ láìgba físà?

Nọ́wè kò sí nínú EU, ṣùgbọ́n ó ti wà nínú àdéhùn Schengen láti Oṣù Kẹta 2001. Bí ọ̀rọ̀ ṣe rí fún oríṣiríṣi wa nìyí:

1. Ẹni tó ti di ọmọ ilẹ̀ Jámánì: Personalausweis tó, Reisepass náà tó. Kò nílò ohun mìíràn.

2. Ẹni tó ní páásípọ́ọ̀tù Nàìjíríà, Benin tàbí Togo, tó sì ní Aufenthaltstitel Jámánì (Aufenthaltserlaubnis, Niederlassungserlaubnis tàbí Blaue Karte): kò nílò físà. Ó lè lò tó ọjọ́ 90 láàárín ọjọ́ 180. Ṣùgbọ́n páásípọ́ọ̀tù àti káàdì gbọ́dọ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀ pọ̀, kí àkókò méjèèjì má sì tí ì parí. Ẹni tó ní káàdì tó dára tó wá ní páásípọ́ọ̀tù tó ti kú kò lè lọ. Fọ́tò ìwé nínú fóònù kì í ṣe ìwé.

3. Ẹni tó ní Reiseausweis aláwọ̀ búlúù tí wọ́n ń fún àwọn tí Jámánì dáàbò bò: òun náà lè lọ pẹ̀lú Aufenthaltstitel rẹ̀.

4. Ẹni tó ní Fiktionsbescheinigung: ibí yìí ni àṣìṣe pọ̀ sí. Oríṣi ìwé yìí ju ọ̀kan lọ. Èyí tó sọ pé Aufenthaltstitel yín àtijọ́ ṣì ń ṣiṣẹ́, tó wà lábẹ́ § 81 ẹsẹ 4, yàtọ̀ sí èyí tó wà lábẹ́ ẹsẹ 3. Ẹ wo ibi tí wọ́n fi àmì sí nínú ìwé náà, kí ẹ sì kọ̀wé béèrè lọ́wọ́ ọ́fíìsì tó fún yín kí ẹ tó sanwó ohunkóhun. Ẹ jẹ́ kí ìdáhùn wọn wà lórí ìwé.

5. Ẹni tó ní Duldung tàbí Aufenthaltsgestattung: ẹ jọ̀ọ́, ẹ má lọ. Duldung máa ń parí ní kété tí ẹni tó ní i bá jáde kúrò ní Jámánì. Àwọn àgbà wa ní àjò kì í dùn kí onílé má relé. Ìwé tí kò lè mú yín padà wọlé kì í ṣe ìwé ìrìn-àjò.

Ẹ má sì gba ọ̀rọ̀ ẹni tó bá sọ pé kò sẹ́ni tó ń wo ìwé nínú Schengen. Dẹ́nmáàkì bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ ìwé wò ní ẹnu ibodè rẹ̀ pẹ̀lú Jámánì ní Oṣù Kìn-ín-ní 2016. Jámánì fúnra rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ ìwé wò ní gbogbo ibodè ilẹ̀ rẹ̀ ní Ọjọ́ 16 Oṣù Kẹsàn-án 2024. Ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ ojú omi náà máa ń béèrè ìwé kí èèyàn tó wọ ọkọ̀. Kò sì yẹ kí a ṣẹ̀ṣẹ̀ máa sọ fún yín ẹni tí wọ́n sábà máa ń kọ́kọ́ bi.

Ní ti páásípọ́ọ̀tù Nàìjíríà, Berlin tàbí Frankfurt la ti ń ṣe é, ẹni tó ni í sì gbọ́dọ̀ fi ojú ara rẹ̀ hàn fún fọ́tò àti ìtẹ̀ka. Ẹni tó ń gbé Veddel ní láti ka owó ọkọ̀ lọ sí Berlin àti ọjọ́ iṣẹ́ tí yóò pàdánù mọ́ ìnáwó. Bí ti ẹnikẹ́ni nínú ilé bá máa parí láàárín ọdún kan, òun ni kí ẹ kọ́kọ́ ṣe.

Ìwé àwọn ọmọ

Kinderreisepass tí a mọ̀ tẹ́lẹ̀ ti kásẹ̀ nílẹ̀. Láti Ọjọ́ 1 Oṣù Kìn-ín-ní 2024 ni Jámánì kò ti fún ọmọ kankan ní tuntun mọ́, wọn kì í sì í fi àkókò kún ti àtijọ́. Èyí tó wà lọ́wọ́ yín dára títí di ọjọ́ tí a kọ sínú rẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, Personalausweis tàbí Reisepass ni ọmọ tó jẹ́ ọmọ ilẹ̀ Jámánì yóò gbà. Fún Nọ́wè, Personalausweis tó.

Ọmọ tí kì í ṣe ọmọ ilẹ̀ Jámánì gbọ́dọ̀ ní páásípọ́ọ̀tù tirẹ̀ àti Aufenthaltstitel tirẹ̀. Ti bàbá tàbí ìyá kò lè gbé e. Ẹ rántí pé òfin ọmọ onílẹ̀ yí padà ní Ọjọ́ 27 Oṣù Kẹfà 2024. Láti ọjọ́ náà, ọmọ tí a bá bí ní Jámánì lè di ọmọ ilẹ̀ bí ọ̀kan nínú òbí rẹ̀ bá ti gbé níbí pẹ̀lú ìwé fún ọdún 5, tó sì ní ẹ̀tọ́ láti máa gbé níbí títí lọ. Ọdún 8 ni tẹ́lẹ̀. Òfin kan náà ló gbà wá láyè láti di ọmọ ilẹ̀ Jámánì láìjáwọ́ nínú ti Nàìjíríà. Ìdílé tí ọ̀rọ̀ yìí kàn lè béèrè nípa rẹ̀ kí wọ́n tó ná owó sórí páásípọ́ọ̀tù mìíràn.

Bí òbí kan ṣoṣo bá ń mú ọmọ lọ, kí òbí kejì kọ lẹ́tà ìyọ̀ǹda, kí ó fọwọ́ sí i, kí ó sì fi ẹ̀dà ìwé ìdánimọ̀ rẹ̀ tì í. Èyí wúlò gan-an nínú ilé tí orúkọ ìdílé ọmọ kò bá bá ti ìyá mu. Kí ẹnikẹ́ni má sì yọ ọmọ kúrò nílé-ìwé ṣáájú họlidé nítorí pé ọkọ̀ kò wọ́n lọ́jọ́ náà. Òfin Schulpflicht wà, owó ìtanràn rẹ̀ sì lè ju èrè tí ẹ rí lọ.

Ìlera, iṣẹ́ àti Jobcenter

Ọ̀pọ̀ wa gbà pé káàdì ìlera Yúróòpù tó wà lẹ́yìn káàdì Krankenkasse ń ṣiṣẹ́ níbi gbogbo. Fún ọmọ ilẹ̀ Jámánì, ó ń ṣiṣẹ́ ní Nọ́wè. Ṣùgbọ́n òfin EU sọ pé ẹni tí kì í ṣe ọmọ orílẹ̀-èdè EU kò lè fi káàdì náà gba ìtọ́jú ní Nọ́wè, Dẹ́nmáàkì, Áísílándì, Liechtenstein àti Swítsálándì. Bí bàbá tó ní páásípọ́ọ̀tù Nàìjíríà bá ṣẹ́ lẹ́sẹ̀ lórí òkè, gbogbo owó ìtọ́jú lè já lé e lórí. Ẹ pe Krankenkasse yín, kí ẹ sì ra Auslandskrankenversicherung fún gbogbo ilé. Nínú gbogbo ohun tí ẹ ó rà fún ìrìn-àjò yìí, òun ni owó rẹ̀ kéré jù, òun náà sì ni kò yẹ kí ẹ fò.

Ọ̀rọ̀ mìíràn tí a máa ń gbọ́ níbi ìpàdé ni pé owó wà ní ilé-iṣẹ́ ẹja ní Nọ́wè, pé kí èèyàn kàn lọ gbìyànjú. Aufenthaltstitel Jámánì fún wa láyè láti lọ ṣe àbẹ̀wò, kò fún wa láyè láti ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Niederlassungserlaubnis pàápàá kò fúnni ní ẹ̀tọ́ náà. Ẹni tí wọ́n bá mú níbi iṣẹ́ láìní àṣẹ lè fi ìwé tó fi ọ̀pọ̀ ọdún wá ṣòfò. Ẹni tó bá sì ń gba owó ìrànwọ́ lọ́wọ́ Jobcenter gbọ́dọ̀ sọ fún wọn, kí wọ́n sì gbà fún un, kí ó tó kúrò nílùú.

Ọ̀nà: ọjọ́ 9, òru 8

Bí ìwé bá ti pé, ọ̀nà kò le rárá. Àpẹẹrẹ kan nìyí tí kò nílò mọ́tò.

Ọjọ́ kìn-ín-ní: Ẹ wọ S3 tàbí S5 ní Veddel lọ sí Hauptbahnhof, kí ẹ wọ rélùwéè RE lọ sí Kiel. Nǹkan bí wákàtí kan àti ìṣẹ́jú 15 ni. Ẹni tó ní Deutschlandticket kò tún sanwó mìíràn títí dé Kiel. Láti ibùdó rélùwéè Kiel, ẹ fẹsẹ̀ rìn gba orí afárá Hörnbrücke kọjá sí Norwegenkai. Aago 2 ọ̀sán ni ọkọ̀ Color Line máa ń kúrò, ṣùgbọ́n ẹ tètè dé, kí ẹ má bàa pàdé ẹnu ọ̀nà tí wọ́n ti tì. Ọkọ̀ náà tóbi bí ilé gogoro, yóò sì gba abẹ́ afárá Storebælt ní Dẹ́nmáàkì kọjá.

Ọjọ́ kejì àti ìkẹta: Aago 10 òwúrọ̀ ni ọkọ̀ ń dé Oslo. Ẹ tètè jí, kí àwọn ọmọ lè rí erékùṣù àti ilé kéékèèké ní ẹ̀gbẹ́ fjord Oslo. Ohun ọ̀fẹ́ pọ̀ nílùú náà. Ẹ lè gun orí òrùlé ilé orin Opera tí wọ́n ṣí ní 2008, ẹ sì lè lọ sí ọgbà Vigeland níbi tí ère tó lé ní 200 wà, tí ẹnikẹ́ni kì í sanwó wọlé.

Ọjọ́ kẹrin: Rélùwéè Oslo sí Bergen, tí wọ́n ṣí ní 1909, gba orí òkè kọjá. Ibùdó Finse tó wà lójú ọ̀nà ga ní mítà 1,222 sí òkun, òjò dídì sì lè wà níbẹ̀ nígbà tí Hamburg ń gbóná. Ẹ sọ̀ kalẹ̀ ní Myrdal, kí ẹ wọ rélùwéè kékeré Flåmsbana. Kìlómítà 20 péré ni, ṣùgbọ́n láti mítà 867 ló ti ń sọ̀ kalẹ̀ dé etí omi ní Flåm. Ó máa ń dúró kí èrò lè wo omi Kjosfossen tó ń já láti orí àpáta.

Ọjọ́ karùn-ún: Ẹ wọ ọkọ̀ ojú omi láti Flåm lọ sí Gudvangen. Nǹkan bí wákàtí 2 ni. Yóò gba Nærøyfjord, tí UNESCO kọ sínú ìwé àjogúnbá àgbáyé ní 2005. Ọ̀nà omi náà há gan-an, òkè sì ga lápá ọ̀tún àti lápá òsì. Ẹ̀ka Sognefjord ni, èyí tó gùn ju kìlómítà 200 lọ, tí ibi tó jìn jù níbẹ̀ sì ju mítà 1,300 lọ. Láti Gudvangen, ẹ wọ bọ́ọ̀sì dé Voss, kí ẹ wọ rélùwéè dé Bergen.

Ọjọ́ kẹfà: Ẹ sinmi ní Bergen. Ẹ lè fẹsẹ̀ gun òkè Fløyen láìsanwó, kí ẹ sì wo àwọn ilé pákó àtijọ́ ní Bryggen.

Ọjọ́ keje sí ìkẹsàn-án: Ẹ wọ rélùwéè padà sí Oslo, ẹ sun òru kan, ẹ wọ ọkọ̀ ní aago 2 ọ̀sán ọjọ́ kejì, aago 10 òwúrọ̀ ọjọ́ tó tẹ̀ lé e ẹ ti dé Kiel.

Ẹ mú aṣọ òjò dání, nítorí pé òjò máa ń rọ̀ ní Bergen ju ọjọ́ 200 lọ lọ́dún. Ní Oṣù Kẹfà, oòrùn kì í wọ̀ ní Oslo títí di nǹkan bí aago 10:40 alẹ́. Kí àwọn tó ń kírun wo àkókò ìrun ṣáájú, kí ẹ sì mú aṣọ tí ẹ ó fi bo fèrèsé kí àwọn ọmọ lè sùn.

Owó: ẹ bẹ̀rẹ̀ èésú

Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Kí ìdílé kọ́kọ́ fẹnu kò lórí iye tí wọn kò ní kọjá. Ìṣirò tó wà nísàlẹ̀ yìí jẹ́ àpẹẹrẹ bí a ṣe ń pín owó, kì í ṣe iye ọjà. Ká ní ẹni 5 fẹ́ ná 3,000 yúrò:

- Ọkọ̀ ojú omi àti rélùwéè: 1,100
- Ibùsùn òru 6 ní Nọ́wè: 900
- Oúnjẹ: 450
- Adójútòfò ìlera àti ìwé: 150
- Owó pàjáwìrì tí a kò ní fọwọ́ kàn: 400

Bí ẹ bá bẹ̀rẹ̀ ní Oṣù Kẹwàá, tí ẹ sì fẹ́ lọ ní Oṣù Keje, oṣù 10 wà láti fi kó o jọ, ìyẹn 300 yúrò lóṣù. Èyí lè wúwo fún ẹnì kan ṣoṣo, ṣùgbọ́n ìdílé 10 lè dá èésú. Ohun tó yẹ kí ẹ mọ̀ ni pé tíkẹ́ẹ̀tì máa ń wọ́n sí i bí ọjọ́ bá ṣe ń sún mọ́lé. Nítorí náà, ẹni tó fẹ́ rìnrìn-àjò ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn kò gbọdọ̀ jẹ́ ẹni tí yóò kó èésú kẹ́yìn. Kí ó bẹ àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kí ó lè kó o ní oṣù kẹrin tàbí ìkarùn-ún. Kí ẹ sì kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, orúkọ, iye àti ọjọ́, kí ìfẹ́ má bàa di ìjà.

Kroner ni owó Nọ́wè, kì í ṣe yúrò. Káàdì báńkì ni wọ́n ń lò níbi gbogbo, ẹ má kó owó bébà púpọ̀ dání. Ẹ bi báńkì yín iye tí wọ́n ń gbà bí ẹ bá lo káàdì níta. Fóònù Jámánì yín yóò máa ṣiṣẹ́ níbẹ̀ bí ó ṣe ń ṣiṣẹ́ nílé, láìsí àfikún owó, ṣùgbọ́n ìpè sí Nàìjíríà kò sí nínú ètò náà.

Ọ̀nà tó dára jù láti dín ìnáwó kù ni kí ẹ gba ilé tó ní kíṣìnì. Òtẹ́ẹ̀lì wọ́n, àmọ́ àwọn ilé pákó kéékèèké tí wọ́n ń pè ní hytte pọ̀ níbi ìpàgọ́. Ìdílé tó bá ní àgọ́ tún ní àǹfààní mìíràn: òfin Nọ́wè ti 1957 gba ẹnikẹ́ni láyè láti pàgọ́ fún òru 2 lórí ilẹ̀ tí a kò dáko sí, bí ó bá ti jìnnà tó mítà 150 sí ilé tí èèyàn ń gbé. Ṣùgbọ́n láti Ọjọ́ 15 Oṣù Kẹrin sí Ọjọ́ 15 Oṣù Kẹsàn-án, a kò gbọdọ̀ dáná nínú igbó tàbí nítòsí rẹ̀.

Gaàrí, èlùbọ́ àti ìrẹsì lè bá yín lọ. Ní ti ẹran àti wàrà, èyí tí ẹ rà ní Jámánì ni kí ẹ mú, kò sì gbọdọ̀ ju kílò 10 lọ fún ẹnì kan. Ẹran gbígbẹ tí wọ́n fi ránṣẹ́ láti Nàìjíríà kò gbọdọ̀ wọ Nọ́wè. Ọ̀dùnkún náà kò gbọdọ̀ wọ̀ ọ́.

Pánlá inú ọbẹ̀ wa, ibẹ̀ ló ti wá

Èyí kan ẹ̀yin ìyá wa tó ń ta ọjà ilé. Pánlá gbígbẹ tí a ń fi sínú ẹ̀fọ́ rírò, èyí tí àwọn ará Íbò ń pè ní okporoko, Nọ́wè ló ti ń wá jù. Ní àríwá orílẹ̀-èdè náà, ní erékùṣù Lofoten, ẹja ńlá kan máa ń ti òkun Barents wá yé ẹyin láti Oṣù Kìn-ín-ní sí Oṣù Kẹrin. Àwọn apẹja á gé orí rẹ̀, wọ́n á yọ ìfun rẹ̀, wọ́n á so méjì méjì pọ̀ ní ìrù, wọ́n á sì fi kọ́ orí igi gbọọrọ títí di Oṣù Karùn-ún. Wọn kì í fi iyọ̀ sí i, wọn kì í sì í fi èéfín yan án. Atẹ́gùn tútù nìkan ló ń gbẹ ẹ́, nǹkan bí ìdá 4 nínú 5 ìwúwo rẹ̀ a sì lọ. Ítálì ló ń ra èyí tó dára jù, àwa ní Nàìjíríà sì ń ra orí rẹ̀ àti àwọn oríṣi mìíràn lọ́pọ̀ yanturu.

Òwò yìí ti pẹ́. Láti nǹkan bí 1360 títí di 1754, àwọn oníṣòwò Jámánì ló jókòó sí Bryggen ní Bergen, tí wọ́n ń ra ẹja gbígbẹ, tí wọ́n sì ń ta ọkà fún àwọn apẹja láwìn. Apẹja tó jẹ gbèsè kò lè ta ẹja rẹ̀ fún ẹlòmíràn. Àwọn ilé náà wà nínú ìwé UNESCO láti 1979. Ẹ mú àwọn ọmọ lọ wò ó, kí ẹ sì ṣàlàyé fún wọn pé ẹja inú ọbẹ̀ ìyá wọn gba ibẹ̀ kọjá.

Ohun tí oníṣòwò lè rí kọ́ níbẹ̀ ni pé pánlá kì í ṣe oríṣi kan. Èyí tó wọ́n jù ni ẹja tí orúkọ rẹ̀ nínú ìwé jẹ́ Gadus morhua. Wọ́n tún ń gbẹ àwọn ẹja mìíràn tí owó wọn kéré, bíi èyí tí wọ́n ń pè ní sei àti brosme. Òfin EU sọ pé kí orúkọ ẹja àti òkun tí wọ́n ti pa á wà lára páálí ẹja gbígbẹ. Ẹ ka páálí kí ẹ tó sanwó lọ́wọ́ alátajà ńlá ní Hamburg, kí wọ́n má bàa ta brosme fún yín ní owó Gadus.

Èyí tí ẹ bá rà fún ọbẹ̀ ilé ní Bergen, ẹ gba rìsíìtì. Nítorí pé Nọ́wè kò sí nínú EU, arìnrìn-àjò tó gba ojú omi wọ Jámánì lè kó ẹrù tí iye rẹ̀ kò ju 430 yúrò lọ láìsan owó kọ́sítọ́ọ̀mù. 175 yúrò ni ti ọmọ tí kò tó ọdún 15. Fún lílò ara ẹni nìyẹn o. Ẹni tó bá kó páálí wá láti tà gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ lọ bá kọ́sítọ́ọ̀mù, kó sì ti forúkọ òwò rẹ̀ sílẹ̀.

Kàlẹ́ńdà ìmúra

- Oṣù 10 ṣáájú: ẹ tẹ́ gbogbo ìwé ìdílé sórí tábìlì, kí ẹ kọ ọjọ́ tí ọ̀kọ̀ọ̀kan yóò parí. Ẹ bẹ̀rẹ̀ èésú.
- Oṣù 8 ṣáájú: ẹ gba ọjọ́ ní Berlin tàbí Frankfurt fún páásípọ́ọ̀tù tó kù díẹ̀ kó parí. Ẹ béèrè nípa Aufenthaltstitel tó fẹ́ parí.
- Oṣù 5 ṣáájú: nígbà tí gbogbo ìwé bá ti wà lọ́wọ́, ẹ ra tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ ojú omi, kí ẹ sì gba ibùsùn.
- Oṣù 3 ṣáájú: ẹ ra tíkẹ́ẹ̀tì rélùwéè Nọ́wè.
- Oṣù 1 ṣáájú: ẹ ra adójútòfò ìlera, ẹ kọ lẹ́tà ìyọ̀ǹda, ẹ sọ fún Jobcenter bó bá kàn yín.
- Ọjọ́ tó ṣáájú: ẹ ka ìwé lẹ́ẹ̀kan sí i ní orúkọ, ẹnì kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú tirẹ̀.

Ẹ gé ojú ìwé yìí, kí ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara fíríìjì. Bí a bá rí ìdílé mẹ́ta tàbí mẹ́rin tó fẹ́ bẹ̀rẹ̀ èésú ìrìn-àjò fún ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn tó ń bọ̀, kí wọ́n sọ̀rọ̀ níbi ìpàdé oṣù, kí wọ́n sì mú ọjọ́ tí ìwé kọ̀ọ̀kan yóò parí dání wá. Ìyẹn ni a ó kọ́kọ́ kà kí a tó ka owó. Ọlọ́run yóò mú wa lọ, yóò sì mú wa bọ̀.